Èsì: Lagoon 380 ti ọdún 2006 tó wà ní Martinique

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ ra Lagoon 380 yìí, ọkọ̀ ojú omi onígbòkun tó ní ìdí méjì, tó wà ní erékùṣù Martinique ní Kàríbíà, kí ẹ sì fi í rìn dé Azores, àwọn erékùṣù tó wà láàárín agbami Àtìláńtíìkì. Ẹ má tíì san owó náà. Lóòótọ́, pánẹ́ẹ̀lì sólà, ẹ̀rọ tó ń sọ omi òkun di omi mímu àti ìgbòkun tuntun tí olùtajà kà fún yín dára, ṣùgbọ́n àwọn wáyà irin tó di òpó ìgbòkun mú ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Bí kò bá sí ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ wọn láàárín ọdún 10, ẹ yọ owó wáyà tuntun kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san, nítorí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ adójútòfò kì í fẹ́ gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìrìn-àjò agbami. Bó bá jẹ́ pé àárín àwọn erékùṣù Kàríbíà nìkan ni ẹ ó ti máa rìn ni, ẹ lè fi ìyẹn falẹ̀. Azores tí ẹ dárúkọ kò gba ìfalẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó gbé e kúrò nínú omi, ẹ wo ibi tí omi mu ún dé. Bí omi bá ti bo ìlà tí wọ́n kùn sí i lára, ẹrù ti pọ̀ jù, ìgbì yóò sì máa gbá a lábẹ́ láàárín ìdí méjèèjì.