Kí ló dé tí àwọn Júù fi ń rọ̀gbọ̀kú jẹun lálẹ́ Ìrékọjá?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: Ẹ́kísódù orí 12 ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì di àmùrè, kí wọ́n wọ bàtà, kí wọ́n mú ọ̀pá lọ́wọ́, kí wọ́n sì fi ìkánjú jẹ ọ̀dọ́-àgùntàn Ìrékọjá. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé àwọn Júù òde òní ń fara ti ìrọ̀rí lápá òsì lálẹ́ ọjọ́ náà, tí Jésù àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá sì rọ̀gbọ̀kú nídìí oúnjẹ ní Jòhánù 13? Ta ló yí i padà? Ṣé òótọ́ ni pé àṣà Gíríìkì ni?

Òótọ́ ni. Apá tó pọ̀ nínú ètò alẹ́ yẹn wá láti inú àsè àwọn Gíríìkì, pàápàá irú èyí tí àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí wọn sọ di olókìkí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró síbẹ̀ kò tíì gbọ́ ìtumọ̀ àṣà náà. Ohun tí àwọn Júù gbà àti ohun tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀ ni ká jọ wò.

Kí n kọ́kọ́ sọ pé kì í ṣe Gíríìkì ló bẹ̀rẹ̀ rírọ̀gbọ̀kú jẹun. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ ṣáájú ìbí Kristi, wòlíì Ámósì ti bá àwọn ọlọ́rọ̀ wí, àwọn tó ń nà gbalaja lórí ibùsùn eyín erin, tí wọ́n ń fi abọ́ mu wáìnì. Òkúta tí wọ́n gbẹ́ àwòrán Ashurbanipal ọba Ásíríà sí, níbi tó ti rọ̀gbọ̀kú sínú ọgbà tí ayaba sì jókòó sórí àga níwájú rẹ̀, wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìlà Oòrùn ni àwọn Gíríìkì ti rí i, àwọn ló wá fún un ní ètò. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹun, wọ́n á palẹ̀ oúnjẹ mọ́, wọ́n á ta wáìnì díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn òrìṣà wọn, wọ́n á po ìyókù mọ́ omi nínú ìkòkò ńlá, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ á tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ òsì ni wọ́n ń fi ara tì, kí ọwọ́ ọ̀tún lè ráyè mú nǹkan. Ọmọkùnrin tó jẹ́ òmìnira ló ń rọ̀gbọ̀kú. Ẹrú ló ń dúró gbé ife fún un.

Plato, onímọ̀ ọgbọ́n orí Gíríìkì, kọ ìwé kan nípa irú àsè bẹ́ẹ̀. Ó fi í sí ilé Agathon ní Áténì, ní ọdún 416 ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kí ọmọbìnrin afunfèrè máa lọ, nítorí wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ jẹ́ eré ìdárayá wọn. Wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí Alcibiades, olóṣèlú ará Áténì kan, fi já wọlé lójijì, tó ti mutí yó, tí òdòdó wà lórí rẹ̀, tí àwọn èèyàn ń dì í mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọkùnrin ọ̀mùtí yìí. Láti ìgbà yẹn ni àsè ti di ibi ìwádìí fún àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí. Ní nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Kristi, Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì, ko ìbéèrè orí tábìlì jọ sínú ìwé mẹ́sàn-án. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí ló dé tí àwọn Júù kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀.

Lẹ́yìn tí Alexander ọba Makedóníà gba ilẹ̀ àwọn Júù ní ọdún 332 ṣáájú ìbí Kristi, àṣà yìí kò pẹ́ dé àárín àwọn Júù. Ní nǹkan bí ọdún 180 ṣáájú ìbí Kristi, Ben Sira, ọlọ́gbọ́n Júù kan, ti ń gba ẹni tí wọ́n bá fi ṣe olórí àsè nímọ̀ràn pé kó má gbéra ga, ó sì ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ da orin rú.

Ti Philo ló wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Júù ni, ará Alẹkisáńdríà ní Íjíbítì, ayé rẹ̀ àti ti Jésù sì pàdé. Èdè Gíríìkì ló fi ń kọ̀wé, ó sì mọ Plato tinú tẹ̀yìn. Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ àwọn Júù kan, ọkùnrin àti obìnrin, tí wọ́n fi dúkìá wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń gbé létí adágún Mareotis, tí àdúrà àti Ìwé Mímọ́ jẹ́ iṣẹ́ wọn. Kó tó ṣàpèjúwe àsè wọn, ó kọ́kọ́ mú àsè méjì tí Socrates, olùkọ́ Plato, wà níbẹ̀, èyí tí Xenophon kọ àti èyí tí Plato kọ, ó sì bá wọn wí gidigidi. Lẹ́yìn náà ló wá sọ bí ti àwọn èèyàn tirẹ̀ ṣe rí. Wọ́n ń rọ̀gbọ̀kú, àmọ́ orí pákó tí wọ́n tẹ́ koríko etí omi sí ni. Ọkùnrin wà lápá ọ̀tún, obìnrin lápá òsì. Omi ni wọ́n ń mu. Búrẹ́dì àti iyọ̀ ni oúnjẹ wọn, hísópù ni àwọn mìíràn fi ń kún un. Kò sí ẹrú kankan, nítorí wọ́n gbà pé níní ẹrú lòdì sí bí a ṣe dá ènìyàn. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń fi ìfẹ́ gbé oúnjẹ fún àwọn àgbà. Olórí á gbé ìbéèrè dìde láti inú Ìwé Mímọ́, á sì tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orin ló kàn, lẹ́yìn náà ọkùnrin àti obìnrin á jọ kọrin mọ́jú, bí Mósè àti Míríámù ṣe kọrin létí Òkun Pupa.

Philo kò ju àsè Gíríìkì nù. Ó gba ìrọ̀gbọ̀kú, ó gba olórí àsè, ó gba ìbéèrè, ó gba orin. Ọtí àti ẹrú ló lé jáde. Èmi kò rí ẹni tó fi ìgboyà tó báyìí bá Plato sọ̀rọ̀ láyé ìgbà yẹn.

Àwọn rábì ilẹ̀ Ísírẹ́lì gba ọ̀nà tiwọn. Ní ọdún 70 ni àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ńpìlì, ọ̀dọ́-àgùntàn kò sì ṣeé fi rúbọ mọ́. Tábìlì inú ilé ló kù. Ní nǹkan bí ọdún 200 ni Rábì Júdà Ọmọ Aládé ṣàkójọ Mishnah, ìwé òfin àtẹnudẹ́nu àwọn Júù. Níbẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè Ẹ́kísódù 12 wà: wọ́n ya Ìrékọjá ti Íjíbítì sọ́tọ̀ kúrò lára Ìrékọjá ti ìrandíran. Ti Íjíbítì ni wọ́n fi ìkánjú jẹ. Ní ti ìrandíran, Mishnah ní ẹni tó tòṣì jù ní Ísírẹ́lì pàápàá kò gbọdọ̀ jẹun láìrọ̀gbọ̀kú, wáìnì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ife mẹ́rin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ àánú ló ń jẹ. Talmud ti Jerúsálẹ́mù, ìwé tí àwọn rábì fi ṣàlàyé Mishnah, sọ ìdí rẹ̀: ẹrú ló ń dúró jẹun, nítorí náà ẹni tó ti jáde kúrò lóko ẹrú gbọ́dọ̀ rọ̀gbọ̀kú. Ìtumọ̀ àṣà náà gan-an nìyẹn. Ohun tí ọlọ́rọ̀ Áténì fi ń ṣe fàájì, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ tálákà.

Ìbéèrè pẹ̀lú yí ọwọ́ padà. Nígbà tí wọ́n bá ti bu ife kejì, ọmọ ló ń bi bàbá rẹ̀ ní ohun tó mú òru yìí yàtọ̀ sí òru yòókù, bí ọmọ náà kò bá sì tíì gbọ́n tó, bàbá á kọ́ ọ. Dípò wáìnì tí wọ́n ń ta sílẹ̀ fún òrìṣà, ìbùkún Ọlọ́run ni wọ́n ń sọ sórí ife. Ní ti Alcibiades, òfin kan wà fún irú rẹ̀. Àwọn Gíríìkì tó bá mutí tán máa ń dé òdòdó, wọ́n á máa fi fèrè àti ariwo ti àsè kan bọ́ sí òmíràn. Mishnah ní kò gbọdọ̀ sí afikoman lẹ́yìn Ìrékọjá. Talmud ti Jerúsálẹ́mù sì ṣàlàyé pé kí ẹnikẹ́ni má kúrò láàárín ẹgbẹ́ kan lọ sí òmíràn. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà. Lónìí, orúkọ àkàrà àìwú tí wọ́n jẹ kẹ́yìn ló ń jẹ́, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń wá kiri inú ilé.

Ó ku ti àwọn Kristẹni. Àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tó wà lára kàlẹ́ńdà ilé wa fi Jésù sórí àga nídìí tábìlì gíga, ìyẹn kò sì jẹ́ kí Jòhánù 13 yé wa. Bí gbogbo èèyàn bá fi ìgbọ̀nwọ́ òsì dùbúlẹ̀, orí ẹni tó wà lápá ọ̀tún Jésù á súnmọ́ àyà rẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí Pétérù fi ní láti juwọ́ sí ọmọ ẹ̀yìn tó wà níbi àyà Jésù pé kó bá òun béèrè ẹni tí Olúwa ń sọ. Ní Kọ́ríńtì, ife ń wá lẹ́yìn oúnjẹ bíi ti àsè Gíríìkì, ìwà àsè náà sì tẹ̀ lé e wọlé: 1 Kọ́ríńtì 11 sọ pé ebi ń pa ẹnì kan, ẹlòmíràn sì ti mutí yó. Ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù bá wọn sọ níbẹ̀ jọ ti Philo. Ní Káátéèjì, ní nǹkan bí ọdún 197, Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan, kọ̀wé pé àwọn Kristẹni kì í rọ̀gbọ̀kú nídìí àsè ìfẹ́ wọn láìkọ́kọ́ gbàdúrà, àti pé lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́, tí wọ́n tan iná, wọ́n ń pe olúkúlùkù láti kọrin sí Ọlọ́run. Methodius, òǹkọ̀wé Kristẹni mìíràn, tilẹ̀ kọ àsè tirẹ̀ sínú ìwé ní àfarawé Plato, wúńdíá mẹ́wàá ló sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìwà mímọ́ ni wọ́n ń yìn. Nígbà tó di ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, Eusebius bíṣọ́ọ̀bù Kesaríà gbà pé Kristẹni ni àwọn ará etí adágún tí Philo sọ̀rọ̀ wọn, nítorí ó rí ìjọ tirẹ̀ nínú àsè wọn. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ ìjọ tó jókòó ní Laodíkíà kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni ṣe àsè ìfẹ́ tàbí tẹ́ ibùsùn ìrọ̀gbọ̀kú nínú ilé Olúwa.

Àwọn Júù kò fi tiwọn sílẹ̀. Rábì kan ní Jámánì láyé àtijọ́, Eliezer ọmọ Joel, sọ pé nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í rọ̀gbọ̀kú jẹun mọ́ lójoojúmọ́, kò pọn dandan. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò tẹ̀ lé e. Talmud ti Bábílónì ní apá ọ̀tún kò kà, ó sì fi kún un pé kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà èémí. Ìdí nìyí tí ìrọ̀rí fi ń wà lápá òsì àga títí dòní nígbà tí wọ́n bá ń mu ife mẹ́rin náà.