Ṣé táyà eléyín ńlá ló ń di títì mú nígbà òjò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Tíṣà ni mí. Ìlọrin ni mò ń gbé, Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Alùpùpù ni mo máa ń gùn lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun náà ni mo ń gùn bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà tóbi, táyà ọ̀nà jíjìn ló sì bá a wá. Ìlà ojú táyà náà ò pọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n yọ ọ́ kí òjò tó dé, kí n fi eléyín ńlá bíi ti àwọn tó ń lọ oko sí i. Ẹlòmíì tún ní kí n máa dín atẹ́gùn rẹ̀ kù tí òjò bá ti ń rọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ má yọ táyà yẹn, ẹ má sì dín atẹ́gùn rẹ̀ kù. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ yín, àmọ́ ọ̀nà oko ni òótọ́ náà mọ. Nínú ẹrẹ̀, ilẹ̀ rọ̀, eyín táyà á wọlé sí i, á sì rí nǹkan tì. Ọ̀dà ò ní jẹ́ kí eyín kankan wọ òun. Rọ́bà tó bá fara kan ọ̀dà nìkan ló ń di yín mú níbẹ̀, ibi tí táyà alùpùpù sì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tí ẹ bá wá gbé eléyín ńlá sí i, àlàfo ni yóò gba èyí tó pọ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Orí eyín mélòó kan ni yóò kù tí ẹ óò máa fi tẹ títì tútù.

Omi ni ìlà ojú táyà wà fún. Bí táyà ṣe ń yí, omi ń wọ inú ìlà, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde, rọ́bà á sì kan ọ̀dà. Táyà alùpùpù tún rí roboto, kò tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti mọ́tò, nítorí náà ó ń la omi bí imú ọkọ̀ ojú omi. Ìlà rẹ̀ ò ní láti pọ̀ rẹpẹtẹ, kó ṣáà ti jìn. Tó bá ti ku mìlímítà 2, mo máa ń ní kí oníbàárà mi pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó wọlé.

Rọ́bà fúnra rẹ̀ ni èèyàn kì í tètè wò, òun ló sì jù. Wọ́n ń po èròjà kan tí wọ́n ń pè ní silica mọ́ rọ́bà táyà ọ̀nà jíjìn òde òní, kó má bàa le gbagidi nígbà tí omi òjò bá mú un tutù. Ọ̀pọ̀ wọn ní rọ́bà oríṣi méjì: àárín le díẹ̀ kó má tètè jẹ, ẹ̀gbẹ́ rọ̀ kó lè di ilẹ̀ mú ní kọ́nà.

Àmọ́ rọ́bà ń gbó, kódà kí ẹnikẹ́ni má gùn ún. Oníbàárà mi kan ti alùpùpù rẹ̀ wá láti ọ̀nà Gáréèjì Ọ̀fà, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti bó. Táyà tòkunbọ̀ ló rà, ìlà rẹ̀ jìn bíi tuntun. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò jẹ́ kí èékánná wọlé rárá. Mo fi aṣọ tútù nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí mo fi rí nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT: 1112. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é. Ìdí ìlà rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ó ní òun ò sáré, pé òun kàn tẹ bíréèkì ni. Mo gbà á gbọ́. Táyà tó bá ti lé ní ọdún márùn-ún, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Tó bá pé mẹ́wàá, ẹ jù ú nù.

Ní ti atẹ́gùn, táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ dín kù á wó, ìlà rẹ̀ á pa ẹnu dé, omi ò ní ríbi gbà. Ìwọ̀n tó wà nínú ìwé alùpùpù yín ni kí ẹ fi sí i, òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn. Gééjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ẹ tó gbéra, kì í ṣe àtàǹpàkò.

Òjò tí mo bẹ̀rù jù fún yín ni òjò àkọ́rọ̀. Láti ìgbà ọyẹ́ ni eruku àti epo ọkọ̀ ti ń kóra jọ sórí títì. Tí òjò bá wá kàn ta sí i, ó ń yọ̀ bí ilá, pàápàá níbi tí tírélà máa ń dúró sí bíi ìkóríta Àjàṣẹ́. Ẹ yà sábẹ́ ilé kan fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí òjò ńlá fọ ilẹ̀ ná. Táyà tó dára jù lọ láyé ò rí nǹkan ṣe sí epo. Tí nǹkan bá sì gbé yín yà sí Ọ̀fà, tààrà ni kí ẹ dá irin rélùwéè kọjá ní ìbú, ẹ má gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lórí rẹ̀, ẹ má sì tẹ bíréèkì níbẹ̀. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi kun títì náà ń yọ̀ bákan náà.

Ẹ lọ nu ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì lónìí, tiwájú àti tẹ̀yìn, kí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin yẹn ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ Ajé tó dé.