Èsì: Kí ló dé tí dókítà fi gba kálísíọ̀mù lọ́wọ́ Màmá?

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Sevelamer, oògùn tí dókítà fi rọ́pò kálísíọ̀mù wọn, wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ó nídìí. Kíndìnrín tó ti daṣẹ́ sílẹ̀ kì í lè da fọ́sífétì (èròjà kan tó wà nínú oúnjẹ) nù, dialysis (fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀) náà kì í kó o tán. Oògùn méjèèjì ń dè é mọ́ inú oúnjẹ kó má baà wọnú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù a máa ṣẹ́kù sára, á sì lè máa lẹ̀ mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn títí á fi le gbandi. Ìwádìí 2002 kan lórí 200 aláìsàn dialysis rí i pé láàárín ọdún kan, kálísíọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lo kálísíọ̀mù ju àwọn tó ń lo sevelamer lọ. Àárín oúnjẹ ni kí Màmá ti gbé sevelamer mì; lórí ikùn òfìfo, owó ṣòfò nìyẹn.