Màmá ní abísínwín ni, dókítà ní orúkọ mìíràn: ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Bàbá ọmọ tuntun kan ló kọ̀wé sí wa láti Manchester. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀, àkọ́bí wọn sì ni. Láti ọjọ́ kẹrin ni ìyá ìkókó ò ti sùn mọ́. Aago méjì òru, ó ń fọ ilẹ̀ kíṣìnnì. Ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun ní ọsibítù, ó sì ní màmá òun ń bu nǹkan sínú ògì òun. Lọ́jọ́ keje, bàbá ọmọ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ìyá àti ọmọ ti jọ wà ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú ìyá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Olanzapine, oògùn àìsàn ọpọlọ, ni wọ́n ń fún un, ara sì ti ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá ìyàwó, tí wọ́n wá láti Abẹ́òkúta láti bá wọn wẹ ọmọ, ní abísínwín ni, kì í ṣe àìsàn òyìnbó, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbé ọmọ àwọn lọ sílé. Ìdáhùn wa nìyí.

Ọmọ mi, kú ewu ọmọ, kú ìrọ́jú pẹ̀lú. 999 tó o pè yẹn dára gan-an. Abísínwín kì í ṣe àìsàn à-ń-wò-ó-bóyá. Láàárín wákàtí mélòó kan, ó lè le débi tí ìyá á fi ṣe ara rẹ̀ tàbí ọmọ léṣe, kì í sì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ náà.

Màmá tọ̀nà, dókítà náà sì tọ̀nà. Ohun tí wọ́n ń pè ní postpartum psychosis níbẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń pè ní abísínwín kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọsibítù sí Arò. Nínú ẹgbẹ̀rún obìnrin tó bá bímọ, ó máa ń mú bí ẹnìkan tàbí méjì, iye yẹn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì. Ẹjọ́ tí wọ́n ń dá fún un ló ń yàtọ̀. Àwọn Baganda ní Uganda ń pè é ní amakiro, wọ́n ní àgbèrè tí ọkọ tàbí aya ṣe nígbà oyún ló fà á. Àwọn òyìnbó gan-an ti fìgbà kan gbà pé wàrà ọmú ló ṣìnà gun orí ìyá. Ọdún 1858 ni dókítà Louis-Victor Marcé kọ odindi ìwé kan ní Paris lórí wèrè aboyún àti abiyamọ. Tiwa ńkọ́? Àjẹ́, orogún, ìyá ọkọ.

Àìsàn náà pẹ̀lú máa ń wọ aṣọ ìlú tó bá dé. Ẹnìkan á ní ìjọba ti fi kámẹ́rà sára ògiri, ẹlòmíì á ní Jésù ni ọmọ òun. Ìyàwó rẹ ní wọ́n ń bu nǹkan sínú ògì. Màmá ló ń po ògì náà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn ló fẹ̀sùn kàn. Ká ní ìwọ lò ń pò ó ni, ìwọ ni ì bá dá lẹ́bi. Má fi ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn wá ọ̀tá fún ẹnikẹ́ni.

Kí aboyún tó bímọ, họ́mónù kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dẹ́nu. Bí ibi ọmọ bá ti jáde, láàárín bí ọjọ́ méjì, ó ti já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin á kàn sunkún díẹ̀ lọ́jọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, á sì lọ. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ bá ti ní ìtẹ̀sí sí i, tí kò tún rí oorun sùn, lòun máa ń dà rú mọ́ lọ́wọ́, àgàgà lórí àkọ́bí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. (Ẹni tó bá ń ka èyí ní Nàìjíríà: ibà, kòkòrò tó wọ ilé ọmọ tàbí ojú abẹ, àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń fa gìrì lè mú kí abiyamọ máa sọ kántankàntan bákan náà. Bí ara bá gbóná tó 38°C, tàbí tí orí ń fọ́ ọ gan-an, ọsibítù ńlá ni, lójú ẹsẹ̀.)

Ṣé kẹ́ ẹ wá gbé e lọ sí Abẹ́òkúta? Rárá o, kì í ṣe báyìí. Òru kan gbáko ni ọkọ̀ òfuurufú á gbà lọ́wọ́ oorun rẹ̀, oògùn á sì dáwọ́ dúró lágbedeméjì. Kì í ṣe pé ìtọ́jú ò sí nílé. Màmá á mọ Arò. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó sì ní kí ẹbí kan máa bá ẹni kọ̀ọ̀kan gbé. Wọ́ọ̀dù tí ìyàwó rẹ wà kò jìnnà sí èrò yẹn: wọ́n gba aláìsàn pẹ̀lú ẹni tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kó o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá, torí ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n ni pé wọ́n fẹ́ já ọmọ gbà lọ́wọ́ ọmọ àwọn.

Kí wọ́n gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò burú. Ìṣọ́ òru àti ààwẹ̀ ni kò gbọdọ̀ wáyé, nítorí àìsùn ni oúnjẹ àìsàn yìí.

Bí àgbo bá sì ti dé nínú ẹrù, béèrè bóyá asofẹ́yẹjẹ wà nínú rẹ̀. Àwọn adáhunṣe ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú wèrè tipẹ́, wọn ò sì parọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Reserpine wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà òyìnbó náà lò fún alárùn ọpọlọ lẹ́yìn 1950. Ṣùgbọ́n ó ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, ó sì lè mú ìrẹ̀wẹ̀sì ńlá báni. Kó mu ún pọ̀ mọ́ olanzapine, kó wá dìde lójijì, òòyì lè gbé e ṣubú. Ó tún ń gba inú ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ: imú rẹ̀ á dí, á máa tòògbé.

Olanzapine fúnra rẹ̀ ń mú oorun wá, ó sì ń mú ebi pani, nítorí náà kí wọ́n máa wo ìwọ̀n ara àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀ ló ń bọ́ sínú wàrà. Bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ó lè fọ́mọ lọ́mú, kẹ́ ẹ sáà máa ṣọ́ bí ọmọ bá ń sùn jù tàbí tí kò fà dáadáa. Bí wọ́n bá fi lithium, oògùn ọpọlọ mìíràn, kún un, ọ̀rọ̀ ọmú yí padà nìyẹn. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ara bá yá. Ẹbí á ní "oògùn yìí ló ń sọ ọ́ di sísanra," wọ́n á já a lójijì, àìsàn á sì padà wọlé. Ìgbà tó le jù lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí méjìlá. Kó tó padà di ara rẹ̀ pátápátá lè tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Dókítà ni kó dín oògùn kù, díẹ̀díẹ̀.

Bó bá délé, iṣẹ́ màmá pọ̀, òru sì ni iṣẹ́ ọ̀hún wà jù. Aago mẹ́sàn-án, oògùn. Aago mẹ́wàá, ìyá ìkókó ti wọ yàrá, ọmọ wà ní yàrá kejì lọ́dọ̀ ẹni tó gba òru yẹn: ìwọ lónìí, màmá lọ́la. Wàrà tó fún sílẹ̀ tàbí wàrà agolo wà nínú ìgò fún aago méjìlá àti aago mẹ́ta. Aago mẹ́fà kó tó gba ọmọ rẹ̀. Kó má sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà pẹ̀lú ọmọ, torí oorun oògùn wúwo. Omi gbígbóná tí wọ́n fi ń tẹ ikùn, kí màmá fi í sílẹ̀, ojú abẹ wà níbẹ̀.

Bí kò bá sùn tó wákàtí mẹ́rin lóru kan tí kì í ṣe ọmọ ló jí i, tàbí tó tún ń wo ọmọ bí ẹni ń wo àjèjì, pe àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà gan-an. Bílẹ̀ bá ti ṣú, pe 111, nọ́ńbà ìlera níbẹ̀, kó o tẹ 2 fún ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Bí ewu bá ti dé, 999.

Bó bá tún sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ, má bá a jiyàn, má sì gbè é lẹ́yìn. "Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Èmi ò rí i bó o ṣe rí i, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀." Ó tó. Fídíò tó o ní àbúrò rẹ ṣe lọ́jọ́ tẹ́ ẹ̀ ń dúró de ọkọ̀ ọsibítù, tó ti wà lórí WhatsApp ẹbí, ní kí gbogbo wọn pa á rẹ́. Ó ń bọ̀ wá rántí púpọ̀ nínú ohun tó ṣe. Ìtìjú yẹn nìkan tó o.

O bèèrè bóyá ẹ lè bí òmíràn. Ẹ lè bí i. Ṣùgbọ́n nínú obìnrin méjì tàbí mẹ́ta tó ti ṣe é rí, ó máa ń tún bá ẹnìkan. Látìgbà oyún ni kí dókítà ọpọlọ ti mọ̀, kí oògùn sì wà ní sẹpẹ́ lọ́jọ́ ìbí.

Ó ku ohun kan tí dókítà máa nílò, màmá nìkan ló sì lè sọ ọ́. O ní alẹ́ tí wọ́n bá a nídìí ilẹ̀ kíṣìnnì, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n dárúkọ àìsàn náà. Ẹni tó tètè dá nǹkan mọ̀ báyẹn ti rí i rí, àìsàn yìí sì máa ń rìn nínú ìdílé. Má bi wọ́n níwájú èrò. Dúró dìgbà tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì ní kíṣìnnì, tí wọ́n ń po ògì, kó o wá rọra ní, "Màmá, ta lẹ rí tó ṣe é rí?" Kó o dákẹ́.