Ẹ Bi Wá: Fákúùmù Àtijọ́ Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Bàbá

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. À ń kó ẹrù jáde nílé bàbá wa àgbà ní Ìbarà, la bá rí ẹ̀rọ kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù, kò ní táyà kankan, rọ́bà gígùn kan wà lára ẹ̀. Àbúrò mi ní fákúùmù ni, ẹ̀rọ tó ń fa eruku. Ẹni tó ń ra irin àjákù ti ń na 3,000 náírà sí wa, ṣé ká gbà á? Báwo la sì ṣe máa mọ bó ṣe pẹ́ tó? (Ọmọ Ìbarà)

Àbúrò mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tà á fún onírin o, wọ́n á kàn fi òòlù fọ́ ọ ni kí wọ́n lè yọ kọ́pà inú ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ṣàlàyé yẹn jọ Hoover Constellation gan-an, 1954 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, ìdí tí kò sì fi ní táyà ni pé atẹ́gùn tó bá fà wọlé látẹnu rọ́bà, abẹ́ ló ń gbà jáde, atẹ́gùn yẹn ló máa wá gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀, á léfòó, tẹ́ ẹ bá ti ń fa rọ́bà ẹ̀ á máa tẹ̀ lé yín bí ọkọ̀ ojú omi (àwọn tó kọ́kọ́ jáde pátápátá ò lè ṣèyẹn ṣá). Mo ti rí ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ rí nílé ẹnì kan ní Òkè-Ìlèwó, ìka kan péré ni mo fi tì í lórí tẹ́rásò, ó sì lọ títí ó fi kan ẹsẹ̀ àga. Mi ò gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Ní ti ọjọ́ orí ẹ̀, ẹ dojú ẹ̀ dé, kẹ́ ẹ wá irin pẹlẹbẹ kékeré kan lábẹ́ tàbí lẹ́yìn, ẹ fi àkísà tútù díẹ̀ nu ún, ẹ má fi bíléèdì ha á torí lẹ́tà ara ẹ̀ máa ń tètè pa rẹ́. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí orúkọ, nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì, fóòtì, wáátì, àti ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Tẹ́ ẹ bá rí Perivale, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, 1933 ni Hoover ṣí ilé iṣẹ́ yẹn ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ tó bá ní Perivale lára ò lè dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ North Canton, Ohio, Amẹ́ríkà ló ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà pátẹ́ǹtì (ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó ṣe nǹkan tuntun) tàn yín o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kà á bí ọdún tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó kàn ń sọ ni pé ẹ̀rọ yẹn ò lè ṣáájú pátẹ́ǹtì ọ̀hún. Ẹ tún wo wáyà inú pílọ́ọ̀gì: lára ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì, pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé ni ti àtijọ́, nǹkan bí 1970 ni wọ́n yí i padà sí búráùn àti búlúù. Ẹ rọra tẹ wáyà náà kò, tí rọ́bà ara ẹ̀ bá ń sán, ẹ gbé e lọ fún oníná tó mọṣẹ́ kó pààrọ̀ ẹ̀ kí iná tó kàn án rárá.

Àbí ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń gbálẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tó di Hoover? James Murray Spangler ló ń jẹ́, ilé ìtajà kan ní Canton, Ohio ló ń gbálẹ̀ ẹ̀, eruku ń ba àyà ẹ̀ jẹ́, ló bá mú ẹ́ńjìnì fáànù, ọ̀pá ìgbálẹ̀ àti àpò ìrọ̀rí, ó so wọ́n pọ̀. Ó gba pátẹ́ǹtì ẹ̀ ní 1908, ó sì tà á fún William Hoover. Ẹni tó bá ti gbálẹ̀ rí lásìkò ọyẹ́ níbí mọ ohun tó ń bá a jà.

*

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ mi fi fákúùmù Kirby àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí mi láti Houston, ní Amẹ́ríkà, ó ní kí n kàn pààrọ̀ orí pílọ́ọ̀gì kí n sì máa lò ó. (Bọ̀dá Aké)

Má dán an wò! Iná Amẹ́ríkà 120 fóòtì ni, tiwa 230 sí 240, orí pílọ́ọ̀gì ò yí ìyẹn padà. Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí, mo ra fákúùmù Electrolux kan ní Láfẹ́nwá, ẹni tó tà á búra pé iná ibí ló ń lò, èmi náà ò wo ìdí ẹ̀, mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó figbe ta bíi jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tẹ̀ lágbára jù, kí n tó sáré pa á èéfín ti ń jáde, kọ́ìlì ẹ̀ ti dúdú bí èédú. Ó dùn mí títí dòní, torí ẹ̀rọ náà ṣì mọ́ tónítóní.

Sítẹ́pù-dáùn, ẹ̀rọ tó ń dín fóòtì iná wa kù sí ti Amẹ́ríkà, ni kó o rà, èyí tí wáátì ẹ̀ bá ju ti ẹ̀rọ lọ dáadáa, tí wọ́n bá kọ 500 sára Kirby yẹn, ra 1,000. Ní ti hẹ́ẹ̀tìsì, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 60 tí wọ́n kọ síbẹ̀ tí tiwa jẹ́ 50, má yọ ara ẹ lẹ́nu, ẹ́ńjìnì tó ń lo káábọ̀n (èédú kékeré tó ń gbé iná wọ inú ẹ́ńjìnì), bíi ti fákúùmù, ò bìkítà fún ìyẹn.

*

Ọmọ mi, mo ra páálí kan tó kún fún ẹnu fákúùmù ní Ṣàpọ́n, 14 ni wọ́n, mo ní Hoover ìnàró kan nílé látọjọ́ tá a ti ń ṣe tíṣà. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀? (Màmá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì)

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà, orúkọ máa ń wà nínú lọ́hùn-ún níbi tí ọwọ́ kì í sábà dé. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ mú rúlà, kẹ́ ẹ wọn ojú ihò ẹ̀: 32 mílímítà lọ̀pọ̀ máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan tóbi jù ú lọ díẹ̀, ìyàtọ̀ mílímítà 3 ti tó kí atẹ́gùn máa jò. Ẹ wo bó ṣe ń wọra, torí àwọn kan wà tẹ́ ẹ máa kàn tì wọlé tí wọ́n á fún, àwọn kan ní bọ́tìnì kékeré tó máa dún kẹ̀ nígbà tó bá wọ ihò, àwọn méjèèjì yìí kì í fẹ́ ara wọn. Páìpù irin ńkọ́, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án, tó bá gbá a mú, irin ni wọ́n fi kúróòmù bò, tí ò bá gbá a mú, alumíníọ́ọ̀mù ni.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún tiyín ni ẹnu kan tó máa ń rí wúruwùru, tí ò jọ pé ó lè gbá nǹkan kan, òun ló ń so rọ́bà gígùn mọ́ Hoover ìnàró. Àwọn èèyàn máa ń jù ú nù torí wọn ò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ láìsí i, ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ ti kọ̀rọ̀ àga àti búrọ́ọ̀ṣì onírun ti abẹ́ fèrèsé ò níṣẹ́ kankan. Tẹ́ ẹ bá bá a nínú 14 yẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ fi ṣeré. Rọ́bà gígùn náà, ẹ má fi kọ́ ìṣó, ibi tó bá ti tẹ̀ ló máa ti ya, ẹ ká a jẹ́jẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ gbòòrò kẹ́ ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò ti ní pa á.