Kí ẹ tó pè é ní tíọ́rì, ẹ ka ètò náà ní ìlà-ìlà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní kọ̀ǹpútà yín ti bí ètò kan tí máàkì rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú tàwọn ènìyàn tí ẹ dán wò, ẹ wá ń béèrè bóyá tíọ́rì nípa ìrántí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Oṣù méjì gbáko ni irú ìdùnnú yẹn gbà lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ tèmi kò le: a fi àwòrán kan hanni, a gbé e kúrò, a wá gbé méjì jáde, kí onítọ̀hún tọ́ka sí èyí tó ti rí. Àwọn olùwádìí Frias-Martinez àti Gobet ti lò ó fún irú ìwádìí yìí ní 2007. Ẹ mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bí ètò (genetic programming ni wọ́n ń pè é): ètò tó bá ṣe dáadáa ló ń bímọ, à ń gé lára ọ̀kan lẹ̀ mọ́ èkejì, ìran dé, ìran lọ. Ètò mi gba máàkì bí ènìyàn, mo sì ti ń kọ àbọ̀ ìwádìí mi. Ìgbà tí mo kà á ni mo rí i pé kò wo àwòrán àkọ́kọ́ rárá! Nínú fáìlì mi, apá òsì ni ìdáhùn sábà máa ń wà. Òsì ló kàn ń tẹ̀.

Mo da òsì àti ọ̀tún pọ̀, mo sì fi àkókò kún òṣùwọ̀n tí mo fi ń fún ètò ní máàkì, kí ó lè pẹ́ tó ènìyàn. Card, Moran àti Newell, àwọn olùwádìí nípa bí ènìyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, ti fún wa ní iye àkókò tí ènìyàn ń lò ní 1983: nǹkan bí 100 mìlísẹ́kọ́ǹdù láti rí nǹkan, 70 láti rò ó, 70 láti gbé ọwọ́. Àwọn ètò náà tún dá ọgbọ́n: wọ́n ń fi ìlà tí kò wúlò jẹ àkókò kí iye lè pé. Nítorí náà, ẹ yọ ìlà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tún un dán wò. Èyí tí yíyọ rẹ̀ kò bá ba ìdáhùn jẹ́, ẹ fura sí i. (Ẹ má fìyà jẹ ètò gígùn láti ìbẹ̀rẹ̀ o, gbogbo tèmi ló di ìlà kan ṣoṣo.)

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo lọ́pọ̀ ìgbà. Oríṣi méjì ló kù sí mi lọ́wọ́, máàkì wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀kan ń wo tòsì nìkan: bí kò bá jọ èyí tó wà nínú ìrántí, ó tẹ ọ̀tún. Èkejì ń wo méjèèjì kó tó tẹ ọ̀tún. Bí ti èkejì bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kí ènìyàn pẹ́ díẹ̀ sí i nígbà tí ìdáhùn bá wà lọ́tùn-ún. Ẹ yẹ àkókò àwọn ènìyàn tiyín wò lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wa.