Kóòtù gbèsè kékeré ní Èkó dá mi láre, ilé-iṣẹ́ náà kò sanwó. Kí ni kí n ṣe?
Ẹ kú ìfaradà. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ kì í bá yín lọ gbowó fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa padà lọ bẹ̀ ẹ́. Garnishee ni mo fọwọ́ sí jù: adájọ́ á pàṣẹ kí báńkì wọn di owó inú àkáùntì mú, bí báńkì kò bá sì rí àwíjàre wí, ẹ̀yin ni yóò san án fún. Bí ẹ bá ti fi tíránsífà sanwó fún wọn rí, ẹ wo rìsíìtì rẹ̀, nọ́ńbà àkáùntì wọn wà níbẹ̀. Orúkọ tó wà nínú ìdájọ́ gbọ́dọ̀ bá ti àkáùntì mu o! Bí wọn kì í bá ṣe Limited (ilé-iṣẹ́ tí òfin kà sí ọ̀tọ̀ sí olówò rẹ̀), tó jẹ́ orúkọ òwò lásán ni wọ́n fi sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀), bélífù, ìyẹn òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń mú ìdájọ́ ṣẹ, lè kó ẹrù olówò náà fúnra rẹ̀.